Olówó pọ́ọ́kú náà nílò àgádágodo lórí fóònù rẹ̀

Ṣé torí pé ènìyàn ra fóònù olówó pọ́ọ́kú ló wá yẹ kí àṣírí rẹ̀ wà ní gbangba? Àwọn tó ń tẹja lọ́jà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ àtàwọn oníṣòwò Sábó ní Ìkòròdú mọ̀ pé fóònù ti kúrò ní ohun ìpè nìkan. Àkọsílẹ̀ gbèsè wà níbẹ̀, nọ́ńbà oníbàárà wà níbẹ̀, àwòrán káàdì NIN àti àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì kò gbẹ́yìn.

Ààbò tó wà fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ni pé kí fóònù máa fi ohun tó jọ ẹnà kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá kó sínú rẹ̀. Olè tí kò ní kọ́kọ́rọ́ ẹnà náà lè tú fóònù palẹ̀, rádaràda lásán ni yóò bá níbẹ̀. AES, tí ìjọba Amẹ́ríkà tẹ́wọ́ gbà lọ́dún 2001, ni ẹnà tí ọ̀pọ̀ ń lò. Fóònù olówó ńlá ní ẹ̀yà kan nínú ọpọlọ rẹ̀ tó wà fún iṣẹ́ yìí. Fóònù kékeré tó ń lo ọpọlọ ARM Cortex-A7 kò ní in. Bó bá dán an wò, yóò máa fà bí ìgbín. Nítorí èyí ni Google ṣe gbà kí àwọn tó ń ṣe fóònù tí kò lè fi AES ṣiṣẹ́ lórí MB 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan yọ ààbò náà kúrò. Àwáwí náà mọ́gbọ́n dání, àmọ́ mẹ̀kúnnù ló jìyà rẹ̀.

Ní oṣù Kejì, ọdún 2019, Paul Crowley àti Eric Biggers, tí wọ́n jẹ́ òṣìṣẹ́ Google, gbé Adiantum jáde. Nínú ègé kọ̀ọ̀kan tó tó 4096 byte, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń pe AES, dípò ìgbà tó lé ní 250. Ìṣirò ChaCha12, tí ọpọlọ kékeré lè tètè ṣe, ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Lórí Cortex-A7, ó yá ju AES lọ ní nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún. Ó wọ inú kernel Linux 5.0, ìyẹn ọkàn ètò tí Android dúró lé lórí, ní oṣù Kẹta ọdún yẹn. Google sì sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo fóònù tuntun tó bá jáde pẹ̀lú Android 10 ní ààbò náà, ìbáà jẹ́ olówó ńlá tàbí kékeré.

Àwáwí ti parí nìyẹn, àmọ́ ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Fóònù àlòkù tó ti jáde ṣáájú 2019 lè máà ní ààbò yìí rárá, bó ti wù kó máa dán tó. Ẹni tó ní ààbò náà tí kò fi PIN sí ojú fóònù, fóònù fúnra rẹ̀ ni yóò túmọ̀ ẹnà fún olè. Síìmù tún yàtọ̀: olè lè yọ ọ́ sínú fóònù mìíràn, nítorí náà ó yẹ kí síìmù pàápàá ní PIN tirẹ̀.

Àjọ NCC ló ń fọwọ́ sí irú fóònù tó gbọ́dọ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí, òfin ààbò dátà sì ti wà láti 2023. Ó yẹ kí àjọ náà pàṣẹ pé kí wọ́n kọ ọ́ sára páálí fóònù kọ̀ọ̀kan, ní èdè tí ìyá ẹlẹ́ja lè kà, bóyá ààbò yìí wà níbẹ̀ tàbí kò sí.