Orúnlá Kì Í Ṣe Ilá Òtòṣì

Àwọn kan wà láàrin àwa alákọ̀wé tí wọ́n gbà pé Yorùbá kò ní ọgbọ́n ìpamọ́ oúnjẹ kankan kí fíríjì tó dé. Irọ́ gbuu ni. Èdè wa fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ já wọn ní koro. Ilá tí a gé wẹ́wẹ́, tí a sá sí oòrùn títí ó fi gbẹ táútáú, a kì í pè é ní ilá gbígbẹ; orúnlá ni orúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a kì í pe ẹ̀lùbọ́ ní iṣu gbígbẹ. Àwùjọ tí ó fún ohun tí ó sá pa mọ́ ní orúkọ tirẹ̀ kò ṣèèṣì bá a pàdé.

Ti efínrín ni ó ń bí mi nínú jù. Ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, bí ó ti rí ní Ìlobùú tí ó múlé tì í, nígbà òjò a ń fà á tu lẹ́yìnkùlé bí ẹni ń tu èpò. Bí ọyẹ́ bá dé, tí ewé rọ, a ó gba ọjà lọ ra táìmù inú ìgò. Ní 1969, El-Said, Sofowora àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìwádìí jáde lórí efínrín gẹ́gẹ́ bí oògùn ìbílẹ̀ ní Nàìjíríà. Thymol, èròjà olóòórùn tí wọ́n fi orúkọ táìmù sọ, pọ̀ nínú òróró ọ̀pọ̀ efínrín ilẹ̀ wa. Ta ni ó wá ń tan ta?

Wọ́n á ní ewé tútù ni ó dùn jù. N kò jiyàn; efínrín tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já kò ní ẹlẹgbẹ́ nínú ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ewé tútù ni táìmù inú ìgò? Wọ́n á tún ní kí a kó o sínú fíríjì. Iná wo? Ní 2024 nìkan, ẹ̀ẹ̀mélòó ni iná mànàmáná kú káàkiri orílẹ̀-èdè yìí? Ewé tí ó dì, tí ó yọ́, tí ó tún dì, ẹ̀tẹ̀ ni yóò dà.

Sísá efínrín yàtọ̀ sí sísá ilá, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ilá fẹ́ oòrùn. Òróró efínrín a máa fò lọ nínú ooru, nítorí náà òjìji ni a ó sá a sí, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Kí a já a kí ó tó yọ òdòdó, kí a ṣàn án, kí a gbọn omi rẹ̀ nù, kí a tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí atẹ. Bí ó bá wó lu ara wọn, yóò bu. Àjà òkè ààrò dára fún àgbàdo, ṣùgbọ́n èéfín a máa bo òórùn ewé mọ́lẹ̀. (Àwọn tí ń sá nǹkan sí etí títì ọ̀dà, tí ọkọ̀ ń da eruku lé e, kí wọ́n má ṣe pè é ní àṣà. Ìgbà wo ni àwọn baba ńlá wa ní títì ọ̀dà?) Lásìkò òjò ó gba sùúrù. Nígbà tí ewé bá ń rún wómúwómú lọ́wọ́ ni ó tó gbẹ. Odidi ewé ni kí a kó pamọ́. Ó di ìgbà tí ọbẹ̀ bá fẹ́ jinná kí a tó rún un.

Bí iṣẹ́ yìí bá parẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò bá a lọ. Ọ̀dọ́ tí ó mọ kọ́rì, tí ó mọ mágì, tí kò mọ orúnlá, ti pọ̀ nígboro.

Ẹ̀yin tí ìgò táìmù ti ṣófo nílé yín, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí inú rẹ̀ gbẹ, ẹ kó efínrín sí i, ẹ dé e pinpin, kí ẹ sì gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti ní tàn sí i.