Tíṣà, Kí Ló Kù Tí N Óò Jẹ?

Inú ọjà Ṣakí ni mo ti rí ọ̀rọ̀ tòní gbé bọ̀.

Ìyá kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń ra èlùbọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ara rẹ̀ a máa dá ṣáṣá, ẹ̀rín kì í sì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ ọjà tó kọjá, mo bá a tí ó fi orí ti òpó, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, aṣọ sì ti ń ṣo lára rẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ kú ọjà o. Ṣé kò sí?" Ó ní, "Tíṣà, ebi ni." Mo rò pé àwàdà ni. Ìyá tí àpò èlùbọ́ yí ká, ebi ń pa á!

Àwàdà kọ́. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀, tí wọ́n sì sọ fún un pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n sì ní kí ó ṣọ́ ẹnu. Bí ó ti délé ni gbogbo ayé di dókítà. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn ní kó má fojú kan epo pupa mọ́. Aládùúgbò rẹ̀ ní ẹyin ló ń pa ènìyàn. Ẹlòmíràn ní àmàlà ni kó sá fún. Ẹnì kan tún gbé fóònù jáde, ó ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wàrà àti ẹ̀wà kò dára. Ìyá fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Búrẹ́dì tí wọ́n fi bọ́tà pa ló kù, àti núdù tí ó ń fi mágì méjì sè ní alaalẹ́. Èyí tó burú jù ni pé ó ti pa oògùn tì. Ó ní nígbà tí òun ti ń fi ebi wo àrùn náà, kí ni òun tún ń gbé oògùn mì fún?

Ó wá wò mí lójú, ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin tí ẹ kàwé, kí ló kù tí n óò jẹ?"

Èmi kì í ṣe dókítà, mi ò sì ní í ṣe bí ẹni pé mo jẹ́ ọ̀kan. Ṣùgbọ́n mo fa àpótí, mo jókòó, mo sì sọ ohun tí mo mọ̀.

Mo ní, "Màmá, bí ẹnì kan bá ní oúnjẹ kan kò dára, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì parí. Ẹ bi í léèrè: báwo ló ti pọ̀ tó? Kí ni wọ́n fi sí i? Ta sì ni ń jẹ ẹ́? Bí kò bá rí ìdáhùn sọ, ẹ máa jẹun yín lọ."

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹyin ṣe àpẹẹrẹ. Láyé àwọn baba wa, wọn kì í fẹ́ fún ọmọdé ní ẹyin, wọ́n ní yóò jalè bí ó bá dàgbà. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe gba oúnjẹ tí ń mú ara dàgbà kúrò lẹ́nu ẹni tó nílò rẹ̀ jù. Ẹ má rẹ́rìn-ín, òyìnbó náà ṣe tirẹ̀. Ní 1968, ẹgbẹ́ American Heart Association tí ń rí sí àrùn ọkàn ní Amẹ́ríkà gba àwọn ènìyàn níyànjú pé kí wọ́n má jẹ ju pupa ẹyin mẹ́ta lọ lọ́sẹ̀. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé ìlànà oúnjẹ ti 2015 sí 2020 jáde, wọ́n yọ òṣùwọ̀n tí wọ́n ti fi lé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù inú oúnjẹ kúrò. Èyí kò ní kí a máa jẹ ẹyin bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà o. Ẹyin kan lójúmọ́ kì í ṣe ìjà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn; ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ tàbí àrùn ọkàn, kí ó bi dókítà rẹ̀.

Ti epo pupa tún yani lẹ́nu ju ìyẹn lọ. Ní 1988, oníṣòwò kan ní Amẹ́ríkà, Phil Sokolof, tí àrùn ọkàn ti kọ lù rí, fi owó ara rẹ̀ polówó sínú àwọn ìwé ìròyìn ńláńlá pé epo ọ̀pẹ àti epo àgbọn ń pa ènìyàn. Àwọn ilé iṣẹ́ oúnjẹ bá sá fún epo ọ̀pẹ. Òróró tí wọ́n fi ẹ̀rọ sọ di dídì ni ọ̀pọ̀ wọn fi rọ́pò rẹ̀ nínú bisikíìtì àti kéèkì. Ìgbà tó yá ni ìmọ̀ fi hàn pé òróró dídì yìí ń ba ọkàn jẹ́ ju ohun tí wọ́n ń sá fún lọ. Ní 2015, ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú oúnjẹ. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, òfin NAFDAC ti 2022 ní irú ọ̀rá burúkú bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 2 lọ nínú gíráàmù 100 ọ̀rá tàbí òróró. Wọ́n sá fún òjò, wọ́n bọ́ sódò.

Mi ò sọ pé epo pupa kò lẹ́bi. Nǹkan bí ìdajì ọ̀rá inú rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí ń mú kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ara lọ sókè. Ṣùgbọ́n pupa rẹ̀ yẹn ni ara ń sọ di fítámì A, tó ń ṣe ojú lóore. Bí a bá wá yọ́ ọ lórí iná títí ó fi funfun, a ti jó oore rẹ̀ dànù, a sì fi ọ̀rá nìkan sílẹ̀. Ìwọ̀nba ṣíbí díẹ̀ nínú ìkòkò ọbẹ̀ tó. Kò yẹ kí ẹran máa lúwẹ̀ẹ́ nínú epo.

Ta wá ni ọ̀tá ìyá yìí gan-an? Iyọ̀ ni. Ní 1997, Dókítà Richard Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ènìyàn tó ju 10,000 lọ, tí gbogbo wọn jẹ́ ìran Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n wọn ìfúnpá àwọn ènìyàn ní Nàìjíríà, títí kan Ìgbó-Ọrà tó wà nítòsí wa níhìn-ín, àti ní Kamẹrúùnù. Wọ́n wọn ti àwọn ará erékùṣù Kàríbíà, àti ti àwọn aláwọ̀ dúdú nítòsí Chicago. Ní Áfíríkà, nǹkan bí 16 nínú 100 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní Kàríbíà, 26. Ní Amẹ́ríkà, 33. Ìran kan náà ni wọ́n! Bí ara ti ń sanra sí i, tí iyọ̀ sì ń pọ̀ sí i, ni àrùn náà ń pọ̀ sí i. Àwọn ará oko tí ń jẹ àmàlà, tí wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ rìn, kọ́ ni ó pọ̀ jù lọ lára wọn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn ṣíbí tíì kan péré. Mágì ńkọ́? Nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni iyọ̀. Ẹni tó fi méjì sínú núdù, tí iyọ̀ ti wà nínú èròjà rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó tún jẹ búrẹ́dì láàárọ̀, ó ti jẹ iyọ̀ yó kó tó mọ̀. Bẹ́ẹ̀, igi igbá kún inú ọ̀dàn wa ní Òkè-Ògùn, irú sì wà lọ́jà. A ń sá fún irú nítorí òórùn rẹ̀, a wá ń fi owó ra iyọ̀ tí wọ́n fi bébà dídán wé!

Nípa àmàlà, kì í ṣe òun ló ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ló yẹ kó ṣọ́ bí òkèlè rẹ̀ ti tó. Kí ó má sì jẹ́ kí wọ́n fi èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tan òun pé oògùn ni. Bí ó bá rọ ọ́ gègèrè sínú àwo, ṣúgà ni yóò dà nínú ẹ̀jẹ̀. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Kí ọbẹ̀ ewédú àti gbẹ̀gìrì pọ̀, kí àmàlà mọ níwọ̀n.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ fetí sí èyí. Èlùbọ́ tó ti bu, ẹ dà á nù. Májèlé àìrí wà nínú rẹ̀ tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, iná kò sì lè pa á tán. Ẹ má sì torí kòkòrò fi oògùn ẹ̀fọn sí oúnjẹ. Ní 2019 ni NAFDAC fòfin de títa dichlorvos inú ìgò kékeré. Àmàlà tí a bá fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe, ẹ jẹ́ kí a sá fún un lóòótọ́.

Ìyá dákẹ́ títí mo fi sọ̀rọ̀ tán. Ó ní, "Oògùn mi ńkọ́, Tíṣà?" Mo ní, "Màmá, ìyẹn ni ẹ kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀. Ẹ padà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó fún yín, kí ẹ sì jẹ́wọ́ fún wọn pé ẹ ti pa á tì."

Ó lọ lọ́jọ́ kejì. Wọ́n bá a wí, wọ́n sì fún un ní oògùn míràn, torí ìfúnpá rẹ̀ ti gòkè ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí mo tún dé ìsọ̀ rẹ̀, àwo àmàlà kékeré kan wà níwájú rẹ̀, ewédú bò ó, irú ń ta sánsán. Ó ní, "Tíṣà, ẹ wá jẹun." Mo wẹ ọwọ́, mo sì bá a jẹ.

Ẹ̀yin ará, àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ ara yín pe ebi sínú ara tí kò yá. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.