Kí Abẹ́rẹ́ Bá Wa Pa Ìtàn Mọ́

Àdìrẹ Ìbàdàndùn kọ́ wa pé aṣọ lè rántí ilé: òpó Gbọ̀ngàn Mápó, tí a ṣí ní 1929, ni àwọn ìyá wa yà sára rẹ̀. Èkó wá ńkọ́? Ìjọba ti ka Ilojo Bar sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1956; síbẹ̀, wọ́n wó o lulẹ̀ ní 2016. Ẹ má jẹ́ kí ilé iná àtijọ́ tí a kọ́ nítòsí Tarkwa Bay láti máa tọ́ ọkọ̀ òkun sọ́nà di ohun ìgbàgbé bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ Ṣómólú, ìlú àwọn atẹ̀wé, ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ àwòrán rẹ̀ sórí ìwé tí a fi ìlà pín sí ojú kéékèèké. Fún ojú kọ̀ọ̀kan, kí akẹ́kọ̀ọ́ rán òwú méjì tó dábùú ara wọn sára aṣọ. Ẹ̀yin àgbà, ẹ máa pìtàn rẹ̀ fún wọn. Ohun tí ọmọ bá fọwọ́ ara rẹ̀ rán, kì í tètè gbàgbé.