Igi Kì Í Jẹ Èso Ara Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi nípa àwa tí a ń pe ara wa ní Kristẹni nínú ẹgbẹ́ yìí. Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé òun ni mo ń bá wí, ara mi ni n ó fi bẹ̀rẹ̀.

Ní sáà ẹ̀kọ́ tó kọjá, mo yá ₦3,000 lọ́wọ́ ẹni tí a jọ ń gbé yàrá. Ọmọ ilẹ̀ Haúsá ni, Mùsùlùmí sì ni. Mo ṣèlérí pé n ó dá a padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Owó dé láti ilé, mo fi ra bàtà. Nígbà tí ó béèrè, mo ní wọn kò tíì fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí mi, bẹ́ẹ̀ ni bàtà tuntun wà lábẹ́ ibùsùn mi tí ó ń wò ó. Ní gbogbo àkókò yìí, n kò pa Bíbélì kíkà jẹ lówùúrọ̀ ọjọ́ kan. Èmi gan-an ni mo darí ẹ̀kọ́ Bíbélì wa lọ́jọ́ Àìkú tí a kà nípa afúnrúgbìn. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, arákùnrin yìí wo ìwé ọwọ́ mi, ó ní: “Ọ̀rẹ́ mi, ìwé tí o máa ń kà láràárọ̀ yìí, ṣé kò sọ nǹkan kan nípa gbèsè?” Kò pariwo, kò bú mi. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kí n kó sí i.

Ìwé náà kúkú sọ̀rọ̀. Nínú orí 13 ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Róòmù, ó kìlọ̀ pé kí a má jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè kankan, àfi ti ìfẹ́. Ìwé Róòmù yìí wà lára èyí tí Àjàyí Crowther kọ́kọ́ túmọ̀ sí èdè wa. Ọdún 1850 ni ó jáde, odindi Bíbélì Yorùbá sì tẹ̀lé e ní 1884. Ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún tí ọ̀rọ̀ náà ti wà ní èdè tí ìyá mi fi bí mi. Àìgbọ́ kọ́ ló ń ṣe mí.

Ẹ wo Crowther fúnra rẹ̀. Ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn. Lọ́dún kejì, ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí Sàró, ibẹ̀ ni ó ti ṣèrìbọmi ní 1825. Ó lè jókòó sí Sàró kí ó máa fi ìwé tó kà jẹun. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó padà sí ilẹ̀ tí wọ́n ti kó o tà. Ní 1846 ó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn ọdún 25, ìyá náà sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣèrìbọmi níbẹ̀ ní 1848. Kò fi í mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tirẹ̀. Ó gba ojú odò Ọya lọ sọ́dọ̀ àwọn tí kì í ṣe Yorùbá, títí iṣẹ́ ìhìnrere fi bẹ̀rẹ̀ ní Onitsha ní 1857.

Ohun tí mo rí dì mú nìyí: igi kì í jẹ èso ara rẹ̀. Ẹni tó ń kọjá lábẹ́ rẹ̀ ló ń ká a jẹ, òun náà ló sì mọ̀ bí ó dùn tàbí ó korò. Àwa ń ka iye orí tí a ti kà, iye ẹsẹ tí a mọ̀ lórí, iye òru tí a fi ṣe àìsùn. Irúgbìn ni gbogbo ìyẹn, kò sì wọ́n wa rárá. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èso, ẹ má béèrè lọ́wọ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àdúrà wa. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí a jọ ń gbé yàrá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá olóúnjẹ tí a jẹ lówó. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó jókòó tì wá ní gbọ̀ngàn ìdánwò.

Èyí tó tilẹ̀ bà mí nínú jẹ́ jù ni pé a máa ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀ ẹni tó jókòó láàárín wa tí kò gbọ́ èdè wa. Èdè tí Crowther fi gbé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run wá fún wa ni a fi ń jẹ ẹran ara ọmọnìkejì.

Àwọn kan yóò ní oore-ọ̀fẹ́ ni ìgbàlà, kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn. Òótọ́ ni. Igi ọsàn kò so ọsàn kí ó tó di igi ọsàn. Ṣùgbọ́n bí ó bá so agbálùmọ̀, a ó mọ̀ pé orúkọ lásán ni wọ́n fún un. Àwọn mìíràn yóò ní kí a ṣe sùúrù, èso kì í yọ lóòjọ́. Òótọ́ nìyẹn náà, Lúùkù pàápàá fi sùúrù kún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ rere. Àgbàdo ń gba bí oṣù mẹ́ta, obì ń gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí kò rí ewé kan lórí ebè rẹ̀ lẹ́yìn òjò mélòó kan kì í pe ìyẹn ní sùúrù. Yóò hú ilẹ̀ wò.

Mo hú tèmi wò. Mo sọ òótọ́ fún arákùnrin náà, pé owó dé, mo fi ra bàtà. Mo san ₦1,000 lóṣù kọ̀ọ̀kan fún oṣù mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí mo san èyí tó kẹ́yìn, ó gba owó náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n wá jẹ túwó. N kò lè sọ pé mo ti di ilẹ̀ rere, ewé kan ni mo rí yẹn.

Ẹ̀yin ará, kí a tó ṣí orí tuntun lọ́la, ẹ jẹ́ kí a béèrè ohun tí orí àná ní kí a ṣe tí a kò tíì ṣe. Bí gbèsè ni, ẹ jẹ́ kí a san án. Bí irọ́ ni, ẹ jẹ́ kí a tú u. Bí ìwé ìdáhùn ìdánwò tó jáde lóru ni, ẹ jẹ́ kí a dá a padà fún ẹni tó mú un wá. Ojú ń wò wá, ebi èso sì ń pa wọ́n.

Kí Olúwa má jẹ́ kí a gba irúgbìn lásán o. Àmín.