DẸ́RẸ́BÀ TÍ KÌ Í WA MỌ́TÒ

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá oníṣòwò kan ṣe àpẹẹrẹ, ẹ̀yin ìyá lọ́jà àti ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́. Ìyá yìí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tábìlì kan ṣoṣo l'Ájáh, ó ń ta ìrẹsì, mílíìkì àti ọṣẹ. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ọdún ń gorí ọdún, ó di oníṣọ́ọ̀bù ńlá ní Lẹ́kkí Phase 1, káńtà 3, ọmọge 3 tó ń gbowó. Ìwé gbèsè tó ń fọwọ́ kọ láti ìgbà tábìlì, àwọn ọmọ rẹ̀ ní kó gbàgbé ẹ̀. Wọ́n ní kó ra sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà àgbà tí gbogbo káńtà yóò máa bá sọ̀rọ̀: ohun tí wọ́n tà láàárọ̀, ohun tó kù ní yàrá ẹrù, ẹni tó jẹ gbèsè àti iye tó jẹ, gbogbo ẹ̀ á wà lójú kan.

Ìyá gbọ́, ó sì kówó sílẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀rọ dé láti Computer Village n'Ìkẹjà, ó dúdú, ó ń dán bí igi ẹ́bónì. Ọmọ kọ̀ǹpútà tó gbé e wá tan iná sí i, ẹ̀rọ jí, Windows yọ lójú ẹ̀. Ìyá ṣe àdúrà, gbogbo ilé ṣe àmín. Ó wá ku kí wọ́n ki wáyà bọ̀ ọ́ nídìí, kí àwọn káńtà máa bá a sọ̀rọ̀. Káńtà kìíní, òfo. Káńtà kejì, òfo. Ẹ̀kẹta náà, òfo. Ọjọ́ Sátidé sì ni, oníbàárà ti tò dé ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ má bínú, mà," lọmọ náà wí, tó ń nu òógùn. "Ẹ̀rọ yìí ò ní driver ni."

Ìyá wò ó tìyanu-tìyanu. "Kò ní dẹ́rẹ́bà báwo? Dẹ́rẹ́bà mi kọ́ ló ń sùn nínú mọ́tò níta yẹn? Àbí ẹ̀rọ tìrẹ náà ní táyà?"

Ẹ̀rín pa wọ́n, ṣùgbọ́n ìyá ò jẹ̀bi. Orúkọ kan náà lòyìnbó fún àwọn méjèèjì, iṣẹ́ wọn ló yàtọ̀.

Lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, ihò kan wà tí wọ́n ń ki orí wáyà bọ̀. Ohun tó wà nídìí ihò yẹn ni wọ́n ń pè ní káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ilẹ̀kùn ẹ̀rọ ni: ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ló ń gbà jáde. Windows tó wà nínú ilé ni baálé. Àmọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe káàdì ti fún un ní èdè tirẹ̀, baálé ò sì gbọ́ èdè náà. Driver ni tápítà tó wà láàárín wọn. Bí òyìnbó bá gun àga ìwàásù tí tápítà ò yọjú, òyìnbó a máa pariwo, ìjọ a máa wò ó bí ẹni ń wo sinimá. Kì í ṣe pé òyìnbó ya odi, kì í sì í ṣe pé ìjọ dití. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni káàdì àti Windows ṣe ń wo ara wọn nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn.

Ẹnì kan láàárín oníbàárà ní wáyà inú òkun ló tún já. Ẹ má dá a lẹ́bi. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà 4 ló bàjẹ́ lábẹ́ òkun lápá Côte d'Ivoire, báǹkì l'Ékòó ń fà bí ìgbín, àwọn èèyàn ń gbé káàdì owó kiri. Ọ̀kan nínú wáyà wọ̀nyẹn ni ti MainOne, ilé iṣẹ́ tí Funke Opeke, ọmọ Ilé-Olújì, dá sílẹ̀. Nǹkan bíi kìlómítà 7,000 ló fi wá láti Portugal dé Èkó lọ́dún 2010. Lẹ́kkí yìí kan náà ni wọ́n sì ṣí ilé àwọn sáfà ńláńlá wọn sí lọ́dún 2015, tí Equinix ti Amẹ́ríkà fi ra ilé iṣẹ́ náà ní mílíọ̀nù 320 dọ́là lọ́dún 2022. Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n láti káńtà dé sáfà inú ṣọ́ọ̀bù kan náà, òkun ò sí níbẹ̀. Wáyà òkun ì báà já, ì báà má já, ọmọge káńtà yẹ kó lè bá ẹ̀rọ tó wà ní yàrá ẹ̀yìn sọ̀rọ̀.

Ẹlòmíì tún dé, oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ládùúgbò. Kò tilẹ̀ jókòó tó fi ní káàdì ti kú, kí ìyá lọ ra sáfà míì. Irú wọn pọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n nídìí jẹnẹrétọ̀. Ẹ ní kó kọ́kọ́ ṣí Device Manager. Bí káàdì bá ti kú fin-ín fin-ín, lọ́pọ̀ ìgbà ẹ ò ní rí i níbẹ̀ rárá, torí òkú kì í jẹ́ ìpè. Bí ẹ bá rí orúkọ bíi Ethernet Controller pẹ̀lú àmì yẹ́lò lára, tó sì ń kọ Code 28, káàdì ń jẹ́ ìpè nìyẹn, tápítà ni ò sí. Ọmọ kọ̀ǹpútà ìyá ṣí i, àmì yẹ́lò ló wà níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe yọ kúrò lọ́wọ́ sáfà kejì nìyẹn.

Ó wá ku ká wá driver. Wàhálà ibẹ̀ rèé: orí íntánẹ́ẹ̀tì ni driver wà, kò sì sí bí ẹ̀rọ yóò ṣe dé orí íntánẹ́ẹ̀tì láìní driver. Kọ́kọ́rọ́ ilé wà nínú ilé, ilé sì ti tì pa. Ọ̀nà méjì lọmọ iṣẹ́ gidi ń gbà. Kó fi kọ̀ǹpútà míì wá a, kó fi fláàṣì gbé e wá. Tàbí kó mú fóònù Android tó ní dátà, kó fi wáyà rẹ̀ so ó mọ́ sáfà, kó tan USB tethering. Lọ́pọ̀ ìgbà Windows ti ní tápítà fóònù nínú tẹ́lẹ̀, á sì gba inú fóònù jáde. Ojú fèrèsé ni wọ́n gbà wọlé yẹn, àmọ́ wọ́n wọlé.

Ṣùgbọ́n driver wo ni wọn óò wá? Ibí ni ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ti ń ṣubú. Wọ́n á kọ "LAN driver" sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì mú èyí tó bá kọ́kọ́ yọ. Bẹ́ẹ̀, káàdì kọ̀ọ̀kan ló ní ilà ojú. Ẹ tẹ àmì yẹ́lò yẹn, ẹ wọ Properties, ẹ wọ Details, ẹ yan Hardware Ids. Ẹ óò rí VEN pẹ̀lú nọ́ńbà, àti DEV pẹ̀lú nọ́ńbà. VEN ni ìdílé tó bí i: 8086 ni Intel, 14E4 ni Broadcom, 10EC ni Realtek. Àwọn Intel mọ̀ọ́mọ̀ mú 8086 ni, orúkọ ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe lọ́dún 1978 ni, òun ló sọ wọ́n di olówó. DEV ni orúkọ ọmọ gan-an nínú ìdílé náà. Nọ́ńbà méjèèjì yìí lẹ ó fi bèèrè, ọ̀dọ̀ ìdílé rẹ̀ lẹ ó sì ti gbà á: ìkànnì Intel, ti Broadcom, ti Realtek, tàbí ti ẹni tó to ẹ̀rọ pọ̀. Bó bá jẹ́ Dell, nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní Service Tag wà lára rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ìkànnì Dell, gbogbo driver ẹ̀rọ yẹn á tò wá. Kò sí ẹni tó ń tà wọ́n. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó kí driver tó jáde, tàbí tó ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gba "driver updater" òun, ẹ kúrò níbẹ̀.

Ìyá béèrè pé ta ló máa wá jalè lórí kọ̀ǹpútà onírẹsì. Ìbéèrè dáadáa ni. Driver ò dà bí àwòrán tàbí orin téèyàn kàn gbà sórí fóònù. Ẹgbẹ́ baálé ló ń sùn, kò sí yàrá tí kò lè wọ̀. Bó bá jẹ́ olè ló wọ aṣọ tápítà, ó lè ti gbogbo ìwé gbèsè pa, kó ní kí ìyá san owó ìtúsílẹ̀. Kò sì dájú pé á ṣí i bó bá gbowó tán. Lọ́dún 2010, wọ́n rí kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n pè ní Stuxnet, èyí tó ba ẹ̀rọ jẹ́ níbi tí Iran ti ń ṣiṣẹ́ yuréníọ́ọ̀mù ní Natanz. Driver ló gùn wọlé, òǹtẹ̀ Realtek ló sì wà lára rẹ̀, Realtek ti Taiwan tó ń ṣe káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí. Wọ́n jí òǹtẹ̀ náà ni. Bó bá ṣe pé olè lè fi òǹtẹ̀ wọlé, kí ni kò ní ṣe níbi tí wọn ò ti béèrè òǹtẹ̀ rárá?

Ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìyá nìyẹn. Ọmọ náà rí nọ́ńbà káàdì: VEN 8086, DEV 15F3. Intel I225-V ni. Ó gba driver rẹ̀ lọ́dọ̀ Intel, ó fi fláàṣì gbé e dé, ó tẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Ó tún un tẹ̀, ó tún kọ̀. Ó wá fẹ́ tún inú fáìlì náà kọ, kó sì ní kí Windows má yẹ òǹtẹ̀ wò mọ́. Ọ̀gá rẹ̀ tó wà lórí fóònù ló kígbe pé kó jọ̀wọ́ ọ. Ẹni tó bá yọ ilẹ̀kùn kúrò torí àlejò kan, ṣé àlejò yẹn nìkan ni yóò wọlé ni?

Ìdí tó fi kọ̀ ni pé lẹ́tà V yẹn, káàdì kọ̀ǹpútà inú ilé ni. Intel ò ṣe driver rẹ̀ fún Windows Server. Bẹ́ẹ̀, Windows Server 2016 ni wọ́n kọ́ sínú ẹ̀rọ ìyá, èyí tó jáde lọ́dún 2016 nígbà tí I225 ò tíì sí láyé. Báwo ni baálé yóò ṣe mọ ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà tó ń ka iye ọmọ ilé? Èyí wá fi hàn pé ẹni tó ta ọjà fún ìyá kàn to kọ̀ǹpútà ilé sínú páálí sáfà ni, ó wá fi Windows àtijọ́ dì í. Ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2027 sì ni Microsoft fi òpin ìtọ́jú ọ̀fẹ́ 2016 yẹn sí.

Ọ̀nà àbáyọ ò le. Ọ̀gá náà ní kí wọ́n ra káàdì Intel I210, èyí tí Intel ṣe driver rẹ̀ fún Windows Server, kí wọ́n kì í sí ihò tó ṣófo nínú ẹ̀rọ. Kò sún mọ́ owó sáfà tuntun rárá. Ẹ óò rí i pé ẹni tó ní kí wọ́n ra nǹkan tuntun lẹ́ẹ̀kan ò jìnnà púpọ̀ sí òótọ́. Ohun tó yẹ kí wọ́n rà ni kò mọ̀. Àwọn tó ń lo Linux ní tiwọn, ìrọ̀rùn díẹ̀ wà, torí ọ̀pọ̀ tápítà ló ń bá a wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ lspci -nn, á ka ìdílé àti orúkọ jáde. Láti ìgbà tí Debian 12 ti jáde lọ́dún 2023, firmware tí àwọn káàdì kan ń béèrè ti wà nínú páálí kan náà.

Bí káàdì bá ti ń sọ̀rọ̀, kí ọmọ iṣẹ́ má tíì kó irinṣẹ́ rẹ̀. Kó ki fláàṣì tó mọ́ bọ̀ ọ́, kó ṣe fódà kan tó ń jẹ́ drivers sínú ẹ̀, kó kọ pnputil /export-driver * E:\drivers, kó fi lẹ́tà fláàṣì tirẹ̀ rọ́pò E. Gbogbo driver tí wọ́n fi kún ẹ̀rọ náà á wọ inú rẹ̀. Kí ìyá wé fláàṣì yẹn mọ́ rìsíìtì. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún Windows yẹn kọ́ sínú ẹ̀rọ, kò ní sí pé ẹnì kan ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú ilé tó tì.

Ẹni tó sì ń múra láti ra tirẹ̀, kó ṣe é bó ṣe máa ń ṣe é nídìí jẹnẹrétọ̀. Ta ló ń ra jẹnẹrétọ̀ láìfà á kó gbọ́ ohùn rẹ̀? Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ, kí wọ́n fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà míì nínú ṣọ́ọ̀bù wọn, kí méjèèjì bá ara wọn sọ̀rọ̀ lójú yín. Ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti ọdún Windows rẹ̀ sórí rìsíìtì. Bí ọlọ́jà bá ní wáyà òun ti tán, ẹ ra mítà méjì dání láti ilé, kò wọ́n.