Ọdún kì í ṣe ti ìrẹsì nìkan, ẹ gbé ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ kaná

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká tètè sọ ọ̀rọ̀ yìí kí Kérésì tó dé, nítorí bí ọdún bá ti ku ọ̀la, etí kì í gbọ́ràn mọ́. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọdún ni. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, láti ìparí oṣù kọkànlá ni àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá àwọn ọmọ á ní, "Bàbá wọn, ìrẹsì ọdún ńkọ́?" Baálé á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ní, "Ṣé o ò mọ̀ pé wọn ò tí ì sanwó oṣù ni?" Bí ọ̀rọ̀ bá pọ̀ jù, á lọ yáwó èlé. Tí iléèwé bá wá wọlé lóṣù kìn-ín-ní, owó ọmọ ò sí, olówó èlé sì ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Ta ló tiẹ̀ sọ fún wa pé ọdún ò lè jẹ́ ọdún láìsí ìrẹsì? Àwọn àgbà inú wa mọ̀ pé nígbà kan, ọjọ́ ọdún àti ọjọ́ ìnáwó nìkan lọ̀pọ̀ ọmọ tálákà ń rí ìrẹsì jẹ. Ibẹ̀ ló ti di oúnjẹ ọdún. Ní báyìí tá a ti ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́, a ò tí ì jáwọ́ nínú àṣà yẹn, débi pé nígbà tí àpò kan di nǹkan bíi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà (N100,000) ní ìparí ọdún 2024, ṣe ló dà bí ẹni pé ọdún fẹ́ sá lọ.

Ọdún 2024 yẹn náà, lọ́jọ́ kejìdínlógún oṣù kejìlá, ni ọmọ márùndínlógójì (35) kú n'Íbàdàn, níbi táwọn òbí kó wọn lọ fún ayẹyẹ ọdún. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn èèyàn tún tẹ ara wọn pa níbi tí wọ́n ti fẹ́ gba oúnjẹ ọ̀fẹ́ ní Okija, nípìnlẹ̀ Anambra, àti l'Ábùjá. Mi ò bá ẹni tó kú wí o. Ìyà ló lé wọn jáde. Ọlọ́run má jẹ́ ká tún rí irú ẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwa tá a wà n'Íjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè àti Ogun Waterside, nítòsí wa ni oúnjẹ ọdún wà. Àsìkò ọyẹ́ gan-an ni wọ́n ń wa ewùrà. Gààrí Ìjẹ̀bú ò jìnnà sí wa. Ẹni tó bá sì ní èèyàn létí ọ̀sà ní Ìwópin tàbí Mákùn-Omi, kó bẹ̀ ẹ́ kó bá òun ra ẹja gbígbẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń yan án.

Ètò rẹ̀ rèé. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ọdún, kí tọkọtaya jókòó, kí wọ́n ka orí. Àwọn tó wà l'Ékòó ń bọ̀ àbí wọn ò bọ̀? Owó tó wà lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, kẹ́ ẹ tó kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rà. Ẹ yọ owó iléèwé sọ́tọ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ohun tí kì í tètè bàjẹ́ ni kẹ́ ẹ rà ṣáájú: gààrí, epo pupa, edé, ẹja gbígbẹ àti ewùrà tí ò fara gbọgbẹ́. Ata àti pọ̀nmọ́ lè dúró di ọjọ́ tó ṣáájú ọdún.

Lọ́jọ́ ọdún, ẹ gbé ata kaná pẹ̀lú epo, àlùbọ́sà, iyọ̀, edé, pọ̀nmọ́ àti ẹja tẹ́ ẹ ti yọ eegun rẹ̀. Ẹ bẹ ewùrà, ẹ fi epo pa ọwọ́ torí ó máa ń yún ni, kẹ́ ẹ wá rin ín. Ẹ má bu omi sí i, òun fúnra ẹ̀ lómi nínú. Iyọ̀ díẹ̀ ti tó. Ẹ máa fọwọ́ bù ú kéékèèké sínú ọbẹ̀ tó ń hó, ẹ dín iná kù, ẹ dé e. Ibí yìí làwọn ìyàwó tuntun ti ń bà á jẹ́: wọ́n á ti sáré rò ó, á sì di ẹ̀kọ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ fi sílẹ̀ tó bí ogún ìṣẹ́jú kó lè dì, kẹ́ ẹ tó fi orógùn rò ó díẹ̀. Kóró gbọ́dọ̀ kù nínú ẹ̀. Ẹ se é kó pọ̀, nítorí bó bá di ọjọ́ kejì tó ti tutù, tẹ́ ẹ fi jẹ ẹ̀bà gbígbóná, ó tún ń dùn jù ti àná lọ.

Àwọn kan á ní, "Kí làwọn èèyàn máa wí?" Kí ni wọ́n fẹ́ wí? Ṣebí lóde ìnáwó àwọn Ìjẹ̀bú l'Ékòó, ìkọ́kọrẹ́ làwọn àlejò máa ń béèrè. Ẹ bù ú sínú abọ́ tó dáa, kẹ́ ẹ gbé e fún aládùúgbò mùsùlùmí tó fún yín lẹ́ran nígbà Iléyá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ se ìrẹsì kóńgò méjì fún àwọn ọmọ, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ má ṣe é. Ìwọ̀n eku ṣáà nìwọ̀n ìtẹ́.

Ọdún á lọ, àwa àti gbèsè la jọ máa wà nílé. Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún o. Ẹ̀mí wa á ṣe púpọ̀ rẹ̀.