Pínpín Kọ́ ni Àjọlò: Ọ̀rọ̀ lórí Àká Àwòrán inú Kọ̀ǹpútà

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá ní 1984, ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀dá-èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni ìwé náà kó jọ. Ní ti kọ̀ǹpútà, olúkúlùkù olùtumọ̀ ni ó ń ṣán oko tirẹ̀, ibi tí wọ́n sì ti ń ṣìnà jù ni ibi tí ọ̀rọ̀ Yorùbá ti pọ̀, kì í ṣe ibi tí ó ti ṣọ̀wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀rọ tí ń gbé inú ẹ̀rọ. Láti 2007, tí KVM ti wọ inú Linux, ó ti rọrùn fún kọ̀ǹpútà kan láti gba òmíràn sínú. Èyí tí ó wà nínú kò ní irin, kò ní wáyà. Ètò lásán ni, síbẹ̀ ó ń ṣe bí odidi ẹ̀rọ. Àwọn kan ń pè é ní “ẹ̀rọ àìrí”. Orúkọ yìí kò sunwọ̀n, nítorí pé ohun tí ojú kò rí nìkan ni ó sọ. “Ẹ̀rọ àlejò” àti “ẹ̀rọ onílé” sàn jù, nítorí pé wọ́n fi àjọṣe àwọn méjèèjì hàn.

Bí ẹ̀rọ àlejò bá ya àwòrán sínú àká rẹ̀, àtijọ́ ni pé kí onílé da àwòrán náà kọ sínú àká tirẹ̀ kí ó tó gbé e sójú ìran. Owó ìyà ni. Àwòrán kan tí ó ní àmì àwọ̀ 1,920 ní ìbú àti 1,080 ní òòró, bí àmì kọ̀ọ̀kan bá gba báìtì 4, ju mílíọ̀nù 8 báìtì lọ. Bí ó bá ń yí padà nígbà 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 500 báìtì tí wọn ń dà kọ lásán. Ètò dma-buf, tí ó wọ Linux ní 2012, àti udmabuf, tí ó tẹ̀ lé e ní 2018, mú ìdàkọ yìí kúrò: èèkù àká nìkan ni wọ́n ń fà lé onílé lọ́wọ́, àká fúnra rẹ̀ kò kúrò lójú kan.

Ọ̀rọ̀ tí olùtumọ̀ ń sáré mú fún èyí ni “pín”. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pín ogún, ohun tí ó bọ́ sọ́wọ́ Táíwò kò sí lọ́wọ́ Kẹ́hìndé mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kà pé ẹ̀rọ méjèèjì “pín” àká yóò gbà pé ìdajì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan mú. Ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: pínpín gidi wà nínú iṣẹ́ yìí, níbi tí wọ́n ti ń gé àká ẹ̀rọ àwòrán kan sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún àlejò mélòó kan. Bí “pín” bá ti lọ sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀, kí ni wọn yóò pe ìyẹn?

Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ọ̀jọ́, tí ó háyà yàrá ní Ìbà tàbí Okokomaiko, mọ ìyàtọ̀ náà láìsí olùkọ́. Yàrá ni wọ́n pín. Àgbàlá àti kànga, wọ́n jọ ń lò ó ni. Bí oníṣẹ́ kan ní ọjà Alábà bá sọ pé wọ́n “ṣíà” é, kò sí ẹni tí yóò bá a wí, àmọ́ ìtumọ̀ méjèèjì ni ọ̀rọ̀ àyálò náà gbé wá. “Àjọlò” ni ó yẹ kí ó wọ ìwé.

Àmì kan kù tí ó ń sọ fún onílé pé àlejò kò tíì ya àwòrán tán. Ọgbà ni Gẹ̀ẹ́sì fi pè é. Bí olùtumọ̀ bá pè é ní ọgbà, ó ti ṣì í, nítorí pé kò sí ohun tí ó dí ọ̀nà. Ààlè ni: ẹni tí ó rí i ń dúró, tí iṣẹ́ bá sì parí, wọn a ká a kúrò. Àwọn kan lè sọ pé ààlè ní èpè nínú, kò sì yẹ ìwé sáyẹ́ǹsì. Ẹni tí kò bá ka ààlè ti kọ̀ǹpútà sí kò ní í kú. Àwòrán fífàya ni yóò rí.